Yíyọ ABS Kúrò Nínú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

ABS ni ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà mú pátápátá nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Lẹ́tà mẹ́ta yìí máa ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú dáṣíbọọ̀dù bí awakọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, yóò sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí ara ẹ̀rọ náà bá le. Ní Adó-Èkìtì, láti agbègbè Adébáyọ̀ títí dé ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, oríṣi ènìyàn méjì ló máa ń fẹ́ yọ ọ́. Àwọn kìíní ni àwọn ọ̀dọ́ tó ra BMW tàbí Honda tòkunbọ̀, tí wọ́n wá ń tún un ṣe bí ọkọ̀ eré ìje: wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní táyà fífẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ sàlẹ́ńsà kó lè máa bú. Àwọn kejì pọ̀ jù wọ́n lọ. Iná ABS wọn ló tàn tí kò kú mọ́, rẹwáyà sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kúkú yọ fíúùsì rẹ̀. Ìdí wọn kò jọra, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bíréèkì lẹ́yìn náà jọra gan-an.

Ẹni tó bá ti ti odó ńlá rí lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì mọ̀ pé kí odó náà tó ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀ gan-an ló le. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, agbára tó ń dì í mú ti dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà àti ọ̀dà. Táyà tó ṣì ń yí ń di ilẹ̀ mú dáadáa, èyí tó dúró gbagidi lórí ọkọ̀ tó ń sáré kàn ń yọ̀ lọ ni. Èyí tó tún burú jù ni pé táyà tó ń yọ̀ kò gbọ́ ti ìdarí. Awakọ̀ lè yí ìdarí sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọkọ̀ yóò kàn máa lọ síbi tó ti kọjú sí tẹ́lẹ̀.

Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kan wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan tó ń ka bí táyà náà ṣe ń yára yí. Bí ọ̀kan bá fẹ́ dúró lójijì nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń yí, ọpọlọ ẹ̀rọ náà yóò ní kí àwọn fáàfù kan dín agbára òróró bíréèkì tó ń lọ sídìí táyà yẹn kù, yóò sì tún dá a padà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ohun tó ń mú ẹsẹ̀ bíréèkì gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ bàtà awakọ̀ nìyẹn. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń rò pé nǹkan ti bàjẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á sì gbé ẹsẹ̀ kúrò nígbà tí ó yẹ kí wọ́n túbọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ara bàlúù ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Dunlop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Maxaret fún táyà bàlúù ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1953, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ Jensen FF ní 1966. Ní 1978 ni Bosch àti Mercedes-Benz ní Jámánì gbé irú èyí tó ń lo kọ̀ǹpútà jáde nínú Mercedes S-Class. Ti ìgbà yẹn wúwo ju kílò mẹ́fà lọ. Ti òde òní kò tó kílò méjì. Láti 2004, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Yúróòpù ti gbà láti máa fi ABS sínú gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun. Nítorí náà, ìwọ̀nba ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkìtì lónìí tí kò ní in.

Ibi tí àwọn olùfẹ́ eré ìje ti gbọ́ pé ọkọ̀ gidi kì í lo ABS ni Formula 1, tó fòfin de é láti 1994. Ó yẹ kí wọ́n mọ ìdí rẹ̀. Àwọn aláṣẹ eré náà fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ awakọ̀ ni ìdíje ti ń wá, kì í ṣe ọwọ́ kọ̀ǹpútà. Wọn kò sọ pé ABS kì í dá ọkọ̀ dúró dáadáa. Kódà, ọkọ̀ ìje GT3, tí Porsche, Ferrari àti Mercedes ń ṣe, ń lo ABS títí di òní. Awakọ̀ lè yí bọ́tìnnì láti mú un le tàbí kó dẹ̀ bí ojú ọ̀nà ìje bá ṣe rí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yọ ọ́ kì í ṣe asán pátápátá. ABS àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kì í yára ronú, ó sì lè dẹ bíréèkì jù bí ojú ọ̀nà ìje bá ní gbágungbàgun. Bí wọ́n bá fi táyà tí ìwọ̀n ti iwájú kò bá ti ẹ̀yìn mu sára ọkọ̀, ìṣirò ẹ̀rọ náà lè dàrú. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jó yíká ní gbangba ń fẹ́ kí táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi nígbà tí òun bá fa bíréèkì ọwọ́ tó ń lo òróró. Awakọ̀ ìje tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú lè tẹ bíréèkì títí dé ibi tó kù díẹ̀ kí táyà dúró, kó sì dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ìyẹn ṣeé ṣe ní pápá ìje tí òun fúnra rẹ̀ ti yí ká lọ́pọ̀ ìgbà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí kò sí ewúrẹ́, tí kò sì sí ọlọ́kadà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni iṣẹ́ kejì tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ máa ń sún síwájú, ẹ̀yìn yóò sì fúyẹ́. Nítorí náà, bíréèkì ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ lágbára tó ti iwájú. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, fáàfù kékeré kan ló ń dín ti ẹ̀yìn kù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní ABS, wọ́n ti yọ fáàfù yẹn, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ọpọlọ ABS lọ́wọ́. Ẹni tó bá yọ fíúùsì lè ti pa méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. Lọ́jọ́ tó bá tẹ bíréèkì gidi, táyà ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ dúró, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò sì fẹ́ ṣáájú iwájú. Ọkọ̀ tó bá ti ń yí bẹ́ẹ̀ lórí eré ogọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní mítà méjìlélógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára káká ni awakọ̀ yóò fi rí i mú padà. Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yẹ̀ nínú kọ́nà náà ń lo sẹ́ńsọ̀ yìí kan náà, ó sì lọ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Nínú ọkọ̀ mìíràn, aago tó ń ka eré pàápàá yóò dákẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ yọ ABS bó ṣe yẹ ní láti fi fáàfù tí wọ́n lè fọwọ́ tún ṣe síbẹ̀, kó tún páìpù òróró bíréèkì tò, kó sì dán ọkọ̀ wò ní pápá títí yóò fi dájú pé táyà iwájú ló ń kọ́kọ́ dúró ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ pápá ni. Kò yẹ kó gun títì mọ́.

Títì Èkìtì kò sì rọrùn. Ọ̀nà Àrámọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń kọ́ lórí àpáta. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń po eruku àti ọ́ìlì tó ti dà sórí ọ̀dà pọ̀, ojú ọ̀nà á sì máa yọ̀ bí ilá. Irú ibẹ̀ ni ABS ti wúlò jù. Orí ilẹ̀ pupa tàbí yanrìn tó tú nìkan ni ọkọ̀ tó ní ABS ti lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró, torí pé táyà tó dúró gbagidi máa ń wọ́ yanrìn jọ síwájú ara rẹ̀, yanrìn náà á sì dá a dúró. Síbẹ̀, awakọ̀ tó ní ABS ṣì lè yà fún ọmọ tó sáré já sójú ọ̀nà níbẹ̀. Èyí tí kò ní in kò lè yà.

Ní ti iná tó ń tàn, bàtìrì tí kò lágbára tàbí òróró bíréèkì tó lọ sílẹ̀ lè fà á. Ó sì lè jẹ́ wáyà tó já nídìí táyà tàbí ẹrẹ̀ tó bo sẹ́ńsọ̀. Nígbà mìíràn, bẹ́árìn-ìn tuntun ni mẹkáníìkì gbé wọlé sódì, tí ojú rẹ̀ tó ní mágínẹ́ẹ̀tì kò kọjú sí sẹ́ńsọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù láti yẹ ọkọ̀ wò máa ń sọ táyà tí wàhálà náà wà. Fífi aṣọ nu sẹ́ńsọ̀ nìkan máa ń yanjú òmíràn. Kí ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, kó sì wo dáṣíbọọ̀dù dáadáa: bí iná ABS kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti lè yọ gílóòbù rẹ̀ kí oníbàárà má bàa rí i.

Ẹni tí ABS ọkọ̀ rẹ̀ ti kú, tí kò tíì rí owó tún un ṣe, ní láti padà sí bí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Kó jìnnà sí ọkọ̀ tó wà níwájú. Bí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, kó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́, kó máa pọ́ńbù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kó fi pípọ́ńbù sílẹ̀, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, kó sì gbájú mọ́ ìdarí.