Ohun tí Àpáàdì Fi Pamọ́: Ìwádìí Tuntun lórí Ìkòkò Nok àti Ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀

Ìfáárà

Ní Ungwan Romi, ní gúúsù ìlú Kàdúná, níbi tí a ń gbé, kò ṣòro láti rí oyin rà. Inú ìgò tí wọ́n ti fọ̀ ni àwọn tó ń kiri rẹ̀ máa ń rọ ọ́ sí. Oníkálukú ló sì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú: àwọn kan á ti orí ìṣáná bọ inú oyin náà, wọn á ṣá a bóyá yóò gbiná, àwọn mìíràn á kán an sínú omi tútù, wọn á wò ó bóyá yóò rì lódidi. Ẹni tó ń tà á fún wa kì í fẹ́ ká dán nǹkan kan wò. "Màlámù," ni yóò wí ní èdè Hausa, "oyin igbó ni, ẹnu yín ni kẹ́ ẹ fi dán an wò."

A fi oyin ṣáájú nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn àwárí tó gbàfiyèsí jù lórí ìtàn ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún àìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ oyin ni, ìpínlẹ̀ Kàdúná yìí gan-an ló sì ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè nínú kíláàsì, kò sí ọ̀kan tó ti gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn wá láti ìjọba ìbílẹ̀ Jàbà, níbi tí abúlé Nok wà. Ẹ̀bi wọn kọ́. Inú ìwé àtìgbàdégbà tí a fi Gẹ̀ẹ́sì tó le kọ ni ìròyìn náà wà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ rí, bí wọ́n ṣe rí i, àti ibi tí agbára irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ.

Nok àti àwọn tó wa ilẹ̀ rẹ̀

Àwọn awakùsà ló kọ́kọ́ bá ère Nok pàdé ní 1928, níbi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀. (Ọ̀rọ̀ náà "kùsà" tí àwa Yorùbá ń lò fún ohun tí a wà jáde nínú ilẹ̀ kò jìnnà sí "kuza" ti Hausa, èyí tí í ṣe irin funfun tí wọ́n ń wá nígbà náà.) Ní 1943, orí ère amọ̀ kan tí àgbẹ̀ kan ti gbé ka orí igi nínú oko iṣu láti fi lé ẹyẹ ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg ní Jos. Fagg rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni òun àti èyí tí wọ́n ti rí ní Nok, ó sì fi orúkọ abúlé náà pe gbogbo irú iṣẹ́ ọ̀hún. Mùsíọ́mù Jos tí wọ́n ṣí ní 1952 ni púpọ̀ nínú àwọn ère náà wọ̀ sí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ère nìkan ni ayé mọ Nok sí. Láti 2005 ni àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Goethe ní Frankfurt, ilẹ̀ Jámánì, lábẹ́ ìdarí Peter Breunig àti Nicole Rupp, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ náà pẹ̀lú àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n kọ́ ibùdó kan sí Janjala ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Èédú tí wọ́n bá nínú ilẹ̀ ni wọ́n fi ka ọjọ́ orí àwọn ibùgbé àtijọ́ náà, wọ́n sì rí i pé àṣà Nok bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1500 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì parẹ́ ní àsìkò tí kò jìnnà sí ìbí náà. Àwọn ará Nok gbin jéró àti ẹ̀wà, wọ́n sì ti ń yọ́ irin kí àṣà náà tó dópin.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀? Ẹran ọ̀sìn ni, tàbí ẹran ìgbẹ́? Ibí yìí ni iṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀, nítorí pé ásíìdì inú ilẹ̀ agbègbè náà máa ń jẹ egungun títí yóò fi rá. Níbi tí egungun kò bá sí, ẹnu awalẹ̀pìtàn kì í gbà á láti sọ̀rọ̀ ẹran. Àpáàdì ló kù, ó sì pọ̀ lọ jàra. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ó jọ pé òun náà ló tó ko ọdún 3,500 lójú.

Ohun tó wà nínú ògiri ìkòkò

Gbogbo ẹni tó bá ti fi ìkòkò amọ̀ se ọbẹ̀ rí mọ̀ pé ìkòkò máa ń mu epo. Bí a ti wù ká fọ̀ ọ́ tó, òórùn ọbẹ̀ àná kì í tán nínú rẹ̀. Ìdí ni pé ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló kún ara amọ̀ sísun. Bí ohun tó lọ́ràá bá ń hó nínú rẹ̀, ọ̀rá á wọnú àwọn ihò náà lọ. Omi kò lè yọ́ ọ̀rá, nítorí náà òjò kò lè fọ̀ ọ́ jáde, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ nǹkan rà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i dé ibẹ̀.

Julie Dunne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló yẹ àpáàdì Nok tó lé ní 450 wò. Wọ́n á kọ́kọ́ ha ojú àpáàdì, kí ọ̀rá ọwọ́ ẹni tó dì í mú má bàa dàrú mọ́ tàtijọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kúnná bí elùbọ́, wọ́n á fi èròjà kẹ́mísìrì fa ọ̀rá inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń fi ìwúwo dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ọ̀rá ẹran ní àmì tirẹ̀, ti ewéko náà ní tirẹ̀.

Ẹran ni wọ́n ń wá. Ìda oyin ni wọ́n bá. Nínú àwọn ìkòkò tí ọ̀rá ṣì kù nínú wọn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní àmì ìda. Wọ́n gbé àbájáde náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature Communications ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe oyin fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà rí. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú oyin, omi sì ń yọ́ ṣúgà, nítorí náà oyin ti bá omi lọ tipẹ́. Ìda afárá ló dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìṣáná tí a ń ṣá ní Ungwan Romi kò lè dé irú ibẹ̀ yẹn láé.

Kí ni wọ́n ń fi afárá ṣe nínú ìkòkò? Àwọn onímọ̀ náà dá ju ìdáhùn kan lọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń gbé afárá ka iná tí kò le, kí oyin lè sun kúrò lára ìda. Ó lè jẹ́ pé oyin ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń fi oyin tọ́jú ẹran kó má bàa bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn Okiek ní ilẹ̀ Kenya ṣe ń fi oyin tọ́jú ẹran yíyan fún ìgbà pípẹ́. Èrò tiwa ni pé a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìda fúnra rẹ̀. Àwa tí baba ńlá wa fi ìda mọ orí ère kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí i ní Ilé-Ifẹ̀, ó yẹ ká mọ̀ pé ìda kì í ṣe pàǹtí tí a ń tu dànù lẹ́yìn oyin.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e ní 2022, láti ọwọ́ Bristol àti Frankfurt bákan náà. Hóró jéró tó bá jóná díẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n ewé kì í pẹ́ rà. Ohun tí ewé ní ni ìda tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú rẹ̀, irú èyí tó ń jẹ́ kí omi òjò máa yí gbirigbiri lórí ewé kókò láì rin ín. Ìda yẹn wọ ara ìkòkò nígbà tí wọ́n ń se ewé, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ewédú ni o, kúka ni o, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń sè. Àwọn onímọ̀ náà wá sọ pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí a fi ń jẹ òkèlè ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti wà fún nǹkan bí ọdún 3,500.

Ilé-Ifẹ̀: ọ̀nà kan náà, ohun mìíràn

Bí kẹ́mísìrì ṣe tú àṣírí ìkòkò ní Nok, bẹ́ẹ̀ ló tú ti ìlẹ̀kẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ìgbà tí Leo Frobenius ti dé Igbó Olókun ní 1910 ni ayé ti mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá ń sọ ni pé gíláàsì tó ti òkè òkun wá ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Ní 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren fi àyẹ̀wò èròjà hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Abidemi Babatunde Babalola wa ilẹ̀ náà lákọ̀tun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Antiquity ní 2017. Gíláàsì náà ní ẹfun àti alumínà púpọ̀, ní ìwọ̀n tí kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Fún àwa tí a ti ń kọ́ni pé ilẹ̀ òkèèrè ni gíláàsì ti wá, ó yẹ ká lọ tún nóòtì wa kọ.

Ohun tí olè kò mọ̀ pé òun ń jí

Ère Nok ni àwọn tó ń wa ilẹ̀ lóru ń wá, nítorí pé owó ńlá ni wọ́n ń tà á lókè òkun. Òfin ọdún 1979 lòdì sí i, orúkọ ère Nok sì wà nínú àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ewu tí ICOM, àjọ àwọn mùsíọ́mù lágbàáyé, gbé jáde ní 2000. Síbẹ̀, bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ olè yìí, ère tó lọ nìkan ni wọ́n ń dárò. Àpáàdì tí olè fi ṣọ́bìrì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ńkọ́? Èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáàdì nínú ilẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti da ilẹ̀ rú, ìda ṣì lè wà nínú àpáàdì, ṣùgbọ́n yóò túbọ̀ ṣòro láti sọ ìgbà tó ti wà. A lè gba ère padà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ilẹ̀ tí wọ́n ti dà rú kò ṣe é tò padà.

Ìbéèrè inú kíláàsì

Lẹ́yìn tí a ṣàlàyé gbogbo èyí tán, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, ṣé Yorùbá ni àwọn tó ń jẹ oyin yẹn?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀rín ní ìlú bíi Kàdúná, níbi tí ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ dé ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ní Ungwan Romi, Gbagyi, Bajju, Atyap, Ham, Hausa, Igbo àti àwa Yorùbá la jọ ń gbé. Àwọn Ham, tí àwọn mìíràn ń pè ní Jàbà, ló wà ní Nok lónìí.

A dá a lóhùn pé ìda kò ní èdè. Kẹ́mísìrì lè sọ ohun tó wà nínú ìkòkò, kò lè sọ orúkọ tí ẹni tó sè é ń jẹ́. Lóòótọ́, Frank Willett àti àwọn mìíràn ti rí ìjọra láàárín ère Nok àti ti Ifẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà láàárín òpin Nok àti ìgbà tí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ gbilẹ̀. A kò rí afárá tí a lè fi sọdá ibẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfẹ́ ìran tirẹ̀ kan ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ọmọ agbègbè Kwoi, ló wá sọ ohun tí a kò retí. Ó ní bí ìkòkò omi ìyá àgbà òun bá sán, ìda oyin ni wọ́n máa ń yọ́ lé ojú ibi tó sán. A bi í bóyá ó rí i fúnra rẹ̀ àbí wọ́n sọ fún un ni. Ó ní òun rí i nígbà tí òun wà ní kékeré. A ti ní kó fi fóònù rẹ̀ gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ bó bá lọ sílé fún ìsinmi, kó sì bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ìda náà ní èdè wọn.