Ìdílé Kan Lọ sí Erékùṣù

Erékùṣù Isle Royale wà nínú adágún ńlá Superior ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 1940 ni ìjọba sọ ọ́ di igbó tí òfin ń dáàbò bò. Kò sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, olúkúlùkù ni yóò ru ẹrù tirẹ̀: àgọ́, aṣọ ìbora, oúnjẹ àti ìkòkò. Bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ó kéré jù bá ti lè yá tó ni gbogbo wọn yóò ṣe máa rìn.

Omi adágún náà mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ìkookò ń gbé inú igbó náà, ẹyin aràn inú wọn sì lè bọ́ sínú omi. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò gbọdọ̀ kánjú. Kí ó sè é títí yóò fi hó. Bákan náà, a kì í mú ajá lọ, kí àrùn ajá má ba à ran ìkookò. Bí wọ́n bá sì ń padà, wọn a kó gbogbo ìdọ̀tí wọn dání. Bí àlejò ti ń ṣọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ilé onílé.