Abẹ́ Tírélà ni Ọ̀rọ̀ Wà

Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Australia, ní agbègbè Kimberley, ọ̀nà kan wà tó gùn tó nǹkan bí 660 kìlómítà. Gibb River Road ni wọ́n ń pè é. Torí màlúù ni wọ́n ṣe là á, kí àwọn ọlọ́sìn lè kó ẹran wọn dé etíkun ní Derby àti Wyndham. Lónìí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, arìnrìn-àjò ló ń kún ibẹ̀: jíìpù níwájú, tírélà kékeré nídìí rẹ̀, inú tírélà yẹn sì ni ibùsùn, omi, oúnjẹ àti iná wọn wà. Àwọn kan lọ ra tiwọn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan án nínú gáréèjì ilé wọn, iṣẹ́ tiwọn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Ẹni tó bá kan irú tírélà bẹ́ẹ̀, fíríìjì rẹ̀, ibi ìdáná rẹ̀ àti àgọ́ tó ń ṣí lórí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi han àlejò. Wọ́n dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni yóò ti hàn bóyá tírélà náà yóò dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, bí ọkọ̀ bá ti ń sáré gba orí rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò pa ebè wẹ́wẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ gba ọ̀nà yangí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó ń fà á ni pé táyà tó bá kọ lu gegele kékeré á fò díẹ̀. Ibi tó bá já sí, á ti iyẹ̀pẹ̀ síwájú, á sì gbẹ́ ihò sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á já sínú ihò yẹn kan náà, á mú kó jìn sí i. Ká ní mítà kan ló wà láàárín ebè kan àti èkejì: táyà tó bá rin 60 kìlómítà lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti gba ìkọlù 60,000. Kò sí nọ́ọ̀tì tí a kò dè dáadáa tí kò ní tú.

Súpíríìnì ló ń gba ìkọlù yẹn, ṣọ́kì ló sì ń pa á. Iṣẹ́ méjèèjì kò jọra. Bí súpíríìnì bá rọ̀ tán, ó fẹ́ fò padà, á sì máa fò lọ bẹ́ẹ̀ ni bí nǹkan kan kò bá dá a dúró. Inú ṣọ́kì ni ọ́ìlì ti ń gba ihò tóóró kọjá, ipá tí ìbá gbé tírélà fò á sì di ooru. Ìdí nìyí tí ṣọ́kì fi máa ń gbóná janjan lẹ́yìn wákàtí mélòó kan lórí ebè. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, ọ́ìlì inú rẹ̀ á hó, á di ìfófòó, ṣọ́kì kò sì ní lè di nǹkan kan mú mọ́. Awakọ̀ tó gbọ́n á dín eré kù, á dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù, á sì dúró lóòrèkóòrè kí wọ́n lè tutù.

Àwọn kan fẹ́ súpíríìnì pẹlẹbẹ, irú èyí tó wà lábẹ́ lọ́rì, lórí ákísù kan gbọọrọ. Kò wọ́n, wẹ́dà ìgbèríko náà sì lè tún un ṣe. Àwọn mìíràn fún táyà kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, kí ìkọlù tọ̀tún má bàa dé òsì, kí irin kankan má sì gba àárín kọjá tí òkúta yóò fi há a. Èkejì yìí ni mo fara mọ́ fún ọ̀nà gígùn, bó tilẹ̀ ń náni lówó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti súpíríìnì tó le ju ẹrù lọ. Ẹni tó fi súpíríìnì tọ́ọ̀nù méjì sábẹ́ tírélà tọ́ọ̀nù kan rò pé òun ń fi agbára kún un, ṣùgbọ́n kò ní rọ̀, gbogbo ìkọlù yóò sì lọ tààrà sára ṣáásí, ìyẹn irin tó ru gbogbo tírélà.

Ìwúwo ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Táyà méjì ló wà lábẹ́ tírélà yìí. Bọ́ọ̀lù irin ìdí jíìpù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹta. Ní Australia, wọ́n fẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹn ru nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà. Ní Amẹ́ríkà, 10 sí 15 ni wọ́n ń wí. Bí tírélà bá jẹ́ 1,500 kìlógíráàmù, 150 ni kó tẹ bọ́ọ̀lù. Bí ákísù bá sì jìnnà sí bọ́ọ̀lù ní mítà 4, ojúkò ìwúwo gbọ́dọ̀ bọ́ sí 40 sẹ̀ǹtímítà péré níwájú ákísù.

Wàyí o, ká ní ẹni tó kan tírélà yìí rí àyè kan tó ṣófo ní mítà kan lẹ́yìn ákísù, ó gbé táǹkì omi 80 lítà síbẹ̀. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan. Táǹkì yẹn ti yọ 20 kìlógíráàmù kúrò lórí bọ́ọ̀lù. Ó tún gbé táyà ìpamọ́ méjì kọ́ sí ìdí tírélà, mítà méjì sí ákísù, ọ̀kọ̀ọ̀kan 35 kìlógíráàmù pẹ̀lú rímù rẹ̀: ìyẹn tún yọ 35. Tírélà ti di 1,650, ohun tó wà lórí bọ́ọ̀lù ti di 95, kò pé ìdá 6 mọ́. Ojú lásán kò sì lè rí i.

Ìgbà tó bá ń sáré ni yóò fojú hàn. Atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá tó kọjá á ti tírélà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bí ìwúwo bá wà níwájú ákísù, táyà á fà á padà sójú ìlà. Bí ó bá wà lẹ́yìn, ìdí tó wúwo yẹn á kọjá ìlà lọ sápá kejì, á tún padà, jíjù náà á máa tóbi sí i títí yóò fi máa ju jíìpù pàápàá. Kí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí eré, kó má tẹ búréèkì jíìpù gììrì, kó sì lo bọ́tìnnì búréèkì tírélà nìkan bó bá ní i. Kíkó irin síwájú láti fi dọ́gba kì í ṣe ojútùú: ẹrù wíwúwo ní orí méjèèjì á mú kí jíjù náà ṣòro í dá dúró. Omi, bátìrì àti irinṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wà, lórí ákísù tàbí díẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ní ti irin, ọrùn tírélà, ìyẹn irin tó lọ láti àpótí dé bọ́ọ̀lù, ni mo máa ń ṣọ́ jù. Ibi tó ti pàdé iwájú àpótí ló sábà máa ń sán. Iná wẹ́dà máa ń yí ara irin padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an sì ni ìlà tín-ínrín ti ń bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ kì í jó irin ní ìdábùú lókè àti nísàlẹ̀ ọrùn. Bó bá fẹ́ fi irin pẹlẹbẹ kún un, á gé e ní ṣóńṣó, kí ojú ibi tí a jó má bàa dábùú ọrùn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ti ṣáásí bọ inú síǹkì yíyọ́, tó ń gbóná tó nǹkan bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ìpẹtà má bàa mú un, dandan ni kí wọ́n lu ihò sára gbogbo páìpù, torí afẹ́fẹ́ tàbí omi tó bá há sínú rẹ̀ lè bú gbàmù.

Bọ́ọ̀lù 50 mìlímítà tó wọ́pọ̀ ní Australia dára fún títì ọlọ́dà. Lórí ọ̀nà gbágungbàgun, jíìpù lè fì sósì kí tírélà fì sọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù náà á sì há. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìsopọ̀ tó ń yí sí ihà gbogbo, irú bíi DO35 ti Cruisemaster, tó lè fa tọ́ọ̀nù 3.5. Táyà tírélà náà, kó bá ti jíìpù mu ní fífẹ̀ àti ní iye bọ́ọ̀tì, kó lè tẹ ipa kan náà nínú yanrìn, kí táyà ìpamọ́ kan sì sìn fún méjèèjì. Hilux tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní bọ́ọ̀tì 6, LandCruiser 70 òde òní ní 5. Kẹ́ni tó fẹ́ kan tírélà kọ́kọ́ kà á.

Búréèkì tírélà rọrùn í yé. Iná láti inú jíìpù ń wọ òòfà kan nínú dúróọ̀mù. Òòfà á lẹ̀ mọ́ ara dúróọ̀mù tó ń yí, yíyí náà á wọ́ ọ lọ, á fa apá kan tó ń ti ṣúù búréèkì síta. Òfin Australia fẹ́ búréèkì lórí tírélà tó bá ju 750 kìlógíráàmù lọ. Tó bá ju 2,000 lọ, gbogbo táyà ni yóò ní i, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ bí tírélà bá já.

Eruku ni ọ̀tá ìkẹyìn. Ẹ̀yìn àpótí tó ń sáré máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, eruku á sì gba gbogbo àlàfo wọlé. Kí a ṣí ihò kan sókè níwájú, kí a fi àsẹ́ bò ó, kí afẹ́fẹ́ mímọ́ máa ti ihò yẹn wọlé, kó sì máa ti eruku padà síta.

Bí ẹni tó ń kan tírélà bá ti parí, kó má tíì forí lé aginjù. Kó gbé e dé orí òṣùwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú omi àti ẹrù rẹ̀ gbogbo, kó wọn ìwúwo táyà àti ti bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 50 kìlómítà, kó dúró, kó tún nọ́ọ̀tì rímù dè, kó sì gbé ọwọ́ sún mọ́ ojú béárìn lápá méjèèjì: èyí tó bá gbóná ju èkejì lọ, kó tú u wò kó tó lọ síwájú.