Ilẹ̀ Ẹ̀yìn Jáàkì

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí ní Akínmọ̀ọ́rìn mọ ẹ̀yìn jáàkì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ ni omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn sí lọ́dọọdún, ó ń rùn, koríko ò sì fẹ́ hù níbẹ̀. Omi náà kan, sáyánáìdì sì wà nínú rẹ̀, májèlé tó lè pa ewúrẹ́. Àwa a ní ilẹ̀ ibẹ̀ ti kú. Kò kú o. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí agbára wọn ò ká májèlé náà ló kú. Àwọn tó lè fara dà á wá gba gbogbo àyè. Àwọn kan tilẹ̀ wà nínú ìdílé Pseudomonas tó lè fi náítírójìn inú sáyánáìdì gan-an ṣe oúnjẹ. Ẹ gbé jáàkì kúrò, kí òjò rọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, koríko á tún hù.

Ejama-Ebubu ní ilẹ̀ Ogoni ò rí bẹ́ẹ̀. Epo rọ̀bì dà síbẹ̀ ní 1970. Nígbà tí UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2011, epo náà ṣì wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbìyànjú láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ léraléra. Kì í ṣe pé kòkòrò tó ń jẹ epo ò sí. Wọ́n wà, wọ́n sì máa ń pọ̀ sí i níbi tí epo bá dà sí. Àmọ́ epo nìkan ò tó wọn jẹ: wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n ń fẹ́ náítírójìn. Níbi mọ́kàndínláàádọ́ta ní Ogoni, UNEP bá epo nísàlẹ̀ tó tó mítà 5, ó kéré tán. Afẹ́fẹ́ wo ló máa débẹ̀? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń túlẹ̀, tí wọ́n ń da ajílẹ̀ sí ilẹ̀ tí epo bà jẹ́: kòkòrò ni wọ́n ń bọ́.

Lójú tèmi, òjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló burú jù. Kòkòrò kankan ò lè jẹ wọ́n tán. Ní Woburn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi ìdọ̀tí ìlú ṣe ajílẹ̀ láti 1942 dé 1961. Síńkì àti cadmium, àwọn ẹgbẹ́ òjé, wà nínú rẹ̀. Ó lé lógún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ dúró, àwọn kòkòrò inú gbòǹgbò ewéko clover, ìbátan àwọn tó ń bá ẹ̀wà àti ẹ̀pà wa ṣiṣẹ́, ṣì ń kọ́lé sí gbòǹgbò, ṣùgbọ́n wọn ò san owó ilé mọ́: wọn ò lè fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún ewéko náà.

Ní Olódó, n'Ìbàdàn, wọ́n ti da ìdàrọ́ bátìrì ọkọ̀ tí òjé kún inú rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ẹ̀yin tó ń tún bátìrì ṣe lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú òjé inú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá oko.