Ebi ni abẹ́rẹ́ náà ń bá wí, kì í ṣe ọ̀rá

Nílùú Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán síwájú ẹni tó sanra jù, wọ́n ní kó jẹ títí tó fi máa yó. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó ti tó, kò sì sẹ́ni tó máa rọ̀ ọ́ pé kó jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tó bá gbé ṣíbí kalẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé àjẹkù lọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n bù, ohun tó wọ ikùn á sì hàn kedere. Bó bá di alẹ́, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpápánu pàápàá ò gbẹ́yìn.

Èèyàn 30 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Blundell ti Yunifásítì Leeds ló ṣáájú rẹ̀, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2017. Oògùn tí wọ́n ń dán wò ni semaglutide, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Ozempic àti Wegovy. Novo Nordisk tó ń ṣe oògùn náà ló náwó sí ìwádìí ọ̀hún, ẹni tó bá sì fẹ́ fura nítorí ìyẹn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àjẹkù orí òṣùwọ̀n kò mọ ẹni tó sanwó.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí wọn ò kàn wọn èèyàn kí wọ́n sì rí i bóyá ó fọn. Òṣùwọ̀n kò lè sọ ìdí tí èèyàn fi fọn. Ara dà bí àpò owó: bí owó inú rẹ̀ bá ń dín kù, ó lè jẹ́ pé èyí tó ń wọlé ló kéré, ó sì lè jẹ́ pé ìnáwó ló pọ̀. Oúnjẹ ni owó tó ń wọlé. Iná tí ara ń dá láti fi mí, láti fi ronú, láti fi rìn, láti fi mú ara gbóná ni ìnáwó. Oògùn tó dín ti àkọ́kọ́ kù àti oògùn tó fi kún ti ìkejì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá, nítorí èyí tó ń fi kún iná ara ti pa èèyàn rí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà nílẹ̀ Faransé tí wọ́n ń fọwọ́ kan kẹ́míkà tó ń jẹ́ dinitrophenol bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, wọ́n ń rù, àwọn kan sì kú. Lọ́dún 1933, àwọn dókítà ní Yunifásítì Stanford, Maurice Tainter wà lára wọn, sọ ọ́ di oògùn ìfọn. Lóòótọ́, àwọn tó lò ó fọn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ara jó oúnjẹ lásán, bíi jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo láìsí gílóòbù kan tó ń tàn, ooru nìkan ló ń tú jáde. Ojú ẹlòmíràn fọ́. Ẹni tó bá lò ó jù, ara rẹ̀ á gbóná títí tó fi máa kú, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1938 ló lé e kúrò lọ́jà.

Ìdí nìyẹn tó fi ṣe pàtàkì láti mọ ẹ̀gbẹ́ tí semaglutide ń gbà ṣiṣẹ́. Ohun tó ń fara wé ni GLP-1, họ́móònù tí ìfun máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá jẹun, láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti wọlé. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ìdajì ti inú ara wa á ti pòórá. Wọ́n ṣe semaglutide lọ́nà tó fi máa pẹ́ lára débi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un.

Ní Leeds, ẹnì kan náà ló gba oògùn tó sì tún gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Ọ̀sẹ̀ 12 fún ọ̀kan, ìsinmi kí ti àkọ́kọ́ lè kúrò lára, ọ̀sẹ̀ 12 fún èkejì. Àwọn kan fi oògùn bẹ̀rẹ̀, àwọn kan fi èyí tó ṣófo bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì sọ èwo ni èwo fún wọn. Báyìí, kò sí pé a ń fi alájẹkì wé ẹni tí kì í jẹun púpọ̀: ikùn kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ebi ńkọ́? Ta ló lè wọn ebi? Wọ́n á fún èèyàn ní ìlà kan tó gùn tó mìlímítà 100. Ní ìkángun kan, ebi kò pa mí rárá; ní ìkángun kejì, ebi ń pa mí bí nǹkan míì. Ìwọ á fa àmì síbi tí ọ̀rọ̀ rẹ bọ́ sí, wọ́n á fi rúlà wọn ọ́n. Wọ́n á bi ọ́ kí o tó jẹun, wọ́n á bi ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á tún bi ọ́ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ó jọ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń lò káàkiri ayé.

Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n jẹ lóòjọ́ nígbà tí oògùn wà lára fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìgbà abẹ́rẹ́ tó ṣófo. Ó tó nǹkan bíi kálórì 725. Ebi dín kù, ọ̀fun kò dá tòlò mọ́, pàápàá sí oúnjẹ ọlọ́ràá. Wọ́n fi kìlò 5 fọn, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo iná ara. Èèyàn á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n á fi ìbòrí tó mọ́ gaara bo orí rẹ̀, ẹ̀rọ á máa ka iye ọ́síjìn tó ń mí sínú àti iye carbon dioxide tó ń mí síta. Látinú èémí yẹn ni wọ́n ti ń mọ iye oúnjẹ tí ara ń jó. Iná náà kò ga sókè. Nígbà tí wọ́n ro ìwọ̀n ẹran ara tí kì í ṣe ọ̀rá mọ́ ọn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín oògùn àti òfìfo.

Àwọn kan ní bóyá ṣe ni oúnjẹ kàn ń pẹ́ nínú ikùn. Ìwádìí míì tó jáde lọ́dún 2021 fi parasẹ́támọ́ọ̀lù yẹ ìyẹn wò. Àwọn èèyàn 72 ló kópa. Wọ́n gbé oògùn orí fífọ́ yìí mì pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n sì ń ṣọ́ ìgbà tó máa fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ kúrò nínú ikùn kó tó débẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ 20, wọn ò rí ìdádúró kankan, síbẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán àwọn tó gba semaglutide fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó gba òfìfo. Orí ni iṣẹ́ náà wà, kì í ṣe ikùn nìkan.

Ìbéèrè kan ṣì kù, òun ló sì le jù. Ẹni tó bá fọn, ara rẹ̀ máa ń ṣahun: iná rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èèyàn 14 wò, àwọn tó ti díje ìfọn lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọdún mẹ́fà ṣáájú. Ara wọn ṣì ń fi nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́ jó kéré sí ohun tí wọ́n retí. Ǹjẹ́ oògùn lè dí ara lọ́wọ́ ahun yìí? Eric Ravussin ti ilé ìwádìí Pennington ní Louisiana àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi tirzepatide, ìyẹn Mounjaro, dán an wò lára èèyàn 55. Èsì wọn jáde lọ́dún 2025: kò dí i lọ́wọ́. Ara túbọ̀ ń fa ọ̀rá jó dípò oúnjẹ míì, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ sì já wálẹ̀, ṣùgbọ́n ahun náà kò kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ara yìí rán mi létí iṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Loyola ṣe, tó jáde lọ́dún 2008. Wọ́n fi àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà wé àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní agbègbè Ṣìkágò. Àwọn ti Ṣìkágò tóbi ju tiwa lọ gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ro bí ara kálukú ṣe tóbi mọ́ ọn, iná ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iná ara kọ́ ló fa ìyàtọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi sí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé abẹ́rẹ́ wá fún yín lórí WhatsApp pé ó ń yọ́ ọ̀rá, pé ẹ lè máa jẹ iyán yín bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò mọ ohun tó ń tà. Ẹni tó sì fẹ́ lò ó lọ́nà tó tọ́, kó bá dókítà jókòó, kó sì béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dá a dúró. Lára àwọn tí wọ́n ṣọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gún semaglutide fún ọ̀sẹ̀ 68 tí wọ́n sì jáwọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n fọn ló padà sára wọn láàárín ọdún kan.