Ta Ló Borí Ráùǹdù Yẹn Gan-an?

Ọdún 2022, ní Jeddah, Usyk àti Anthony Joshua kan ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lójú tèmi, Joshua ló borí, 115-113. Adájọ́ kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì yòókù ní Usyk ni. Mo bínú sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ráùǹdù méjìlá ni. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣubú, ẹni tó borí ráùǹdù sábà máa ń gba 10, ẹnì kejì 9, ìbáà lù ú bí ẹní lu bàrà, ìbáà jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kan péré ló fi jù ú lọ. Nínú 115-113, yí ráùǹdù kan ṣoṣo padà, ó di 114-114.

Mo tún un wò, mo pa ohùn ẹ̀. Ìkẹsàn-án ṣì jẹ́ ti Joshua. Àmọ́ méjì míì tí mo fún un (ọmọ Ṣàgámù kúkú ni), ariwo ni mo kà: Usyk ti fi ọwọ́ gba ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń hó sí. Mo kọ 115-113 tuntun, ti Usyk.