Oúnjẹ Ẹni Tí Ń Rìn Lórí Òkè
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ rin Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà gbọọrọ tí ó la ìpínlẹ̀ 14 já láti Georgia dé Maine, gbọ́dọ̀ ro ti oúnjẹ kí ó tó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn. Oúnjẹ ọjọ́ 3 sí 5 tó o, nítorí yóò tún rà á ní ìlú tí ń bẹ níwájú. Omi ni í mú oúnjẹ wúwo; ohun gbígbẹ ni kí ó dì: ìrẹsì tí a ti sè tí a sì yan gbẹ, ẹran gbígbẹ àti ẹ̀pà olóròóró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ó so àpò oúnjẹ rọ̀ sórí igi gíga tí ó jìnnà sí àgọ́, nítorí béárì tí ó bá tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò yóò máa wá ènìyàn kiri.